Ojú ni màmá mi fi ń bá wa wí

Màmá mi kì í sábà na ọmọ. Ojú ni wọ́n fi ń bá wa wí. Bí àlejò bá ń jẹun ní pálọ̀ tí mo wá ń rìn gbéregbère níbẹ̀, Màmá á kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ mi á ti dé ẹ̀yìnkùlé kí n tó mọ̀. Ojú kan wà tó ń sọ pé "kúnlẹ̀ kí wọn". Òmíràn ń sọ pé "bí wọ́n bá fún ẹ, má gbà á". Èyí tó burú jù ni "jẹ́ ká délé ná". Ládùúgbò wa n'Íbàdàn, ọmọ tí kò bá mọ ojú, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń bú. Mo kó gbogbo ojú wọ̀nyẹn dání wá sí Lọ́ńdọ̀nù, mo ń retí ọmọ tí màá fi wò.

Ọmọ náà pẹ́ kó tó dé. Ọdún 11 ni èmi àti ọkọ mi fi wá a kiri, láti ọsibítù dé orí òkè àdúrà, kí a tó gbà pé a ó gba ọmọ tọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kì í fi ọmọ léni lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní social worker bi wá bí wọ́n ṣe tọ́ wa, wọ́n bi wá bí a ṣe ń jà tí a sì ń parí ìjà, wọ́n ní ṣé a máa ń na ọmọ. A lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, a jókòó níwájú ìgbìmọ̀, ọkọ mi wọ táì. Lọ́dún 2019, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 5 kan wọ ilé wa ní Thamesmead pẹ̀lú àpò kan àti bọ́ọ̀sì pupa kékeré kan tí táyà rẹ̀ kan ti yọ. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn tó bí i. Ilé wa ni ilé kẹrin tó máa gbé. Ìwé ilé ẹjọ́ tó sọ ọ́ di ọmọ wa jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Oríkì tí mo fún un ni màá máa pè é: Àjàní. Ohun tí ojú rẹ̀ rí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, tirẹ̀ nìyẹn, bó bá dàgbà tó sì fẹ́ sọ ọ́, á sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ojú mi ò ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá àga iwájú gbà-gbà-gbà, mo bá yí sí i, mo sì fún un ní ojú gidi, irú èyí tó lè mú kí àgbàlagbà sọ ìgbákọ sílẹ̀. Ó wo àgbọ̀n mi, ó ní, "Mọ́mì, ṣé nǹkan wọ̀ yín lójú ni?" Kì í ṣe àfojúdi. Ó ti ń ká ẹnu jọ láti bá mi fẹ́ ẹ.

Nǹkan mìíràn tún wà. Bí lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn aṣọ bá kan ọrùn rẹ̀, àfi ká gé e. Bí omi ìwẹ̀ bá fi díẹ̀ gbóná ju ti àná lọ, gbogbo ilé á gbọ́. Mo ń rí búrẹ́dì lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, mo ń rí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nínú àpò ìwé, mo rí ẹsẹ̀ adìẹ nínú ìbọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì 177, láti Thamesmead dé Peckham, ó mọ gbogbo ibùdó rẹ̀ lórí bí èmi ṣe mọ Sáàmù 23, á kà á lọ, á sì kà á bọ̀.

Àwọn èèyàn wa ní ohùn tiwọn. Ìyá ìjọ kan ní ọmọ náà lẹ́gbẹ́, kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ 7. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀jẹ̀ ẹni ló ń jẹ́ tẹni, ó sọ ọ́ bí ẹni ń tù mí nínú. Ẹlòmíràn ní kí n dá a lẹ́gba, ó ní òyìnbó ló ń bà wọ́n jẹ́. Kò sí èyí tí mi ò rò nínú gbogbo rẹ̀, ẹ má jẹ́ n purọ́.

Lóṣù Keje ọdún 2021, a lọ síbi ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún kan ní Peckham. Gbogbo wa ti há sílé tipẹ́ nítorí kòrónà, nítorí náà ẹ ó mọ bí gbọ̀ngàn náà ṣe rí: sìpíkà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gángan méjì, aṣọ ẹbí, èèyàn rẹpẹtẹ. Àjàní jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ìka ra etí, ó sì ń kùn hùùù bíi bọ́ọ̀sì tó dúró ní ibùdó. Mo ní kó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan dé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ Ọ̀fà, dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ." Kò gbọ́. Wọ́n bá gbá a lọ́rùn mú láti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ìyẹn ò sì burú lójú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àjàní gé wọn jẹ lọ́rùn ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Àní onígángan pàápàá dáwọ́ dúró.

Ojú tì mí débi pé etí mi ń hó. Nínú bọ́ọ̀sì, mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ìgbà tí a wọlé ni mo yí sí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní, "Tó o bá tún ṣe irú ẹ̀, màá dá ẹ padà síbi tí wọ́n ti mú ẹ wá."

Ẹ̀yin tí ìyá Yorùbá bí, ẹ mọ gbólóhùn yìí. Kí ni wọn ò sọ fún wa rí? Inú ààtàn ni wọ́n ti ṣà wá, Gbági ni wọ́n ti rà wá, wọ́n máa dá wa padà fún ẹni tó tà wá. A ó sunkún díẹ̀, a ó sì lọ jẹ ẹ̀bà, nítorí a mọ̀ pé irọ́ ni. Ọmọ tí wọ́n ti dá padà rí kò mọ̀ pé irọ́ ni.

Mo wọ kíṣìnì lọ. Ó tó wákàtí kan kí n tó jáde. Àjàní jókòó lórí àpò tó gbé wá lọ́dún 2019, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn àbájáde. Ó ti wọ bàtà. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì òtútù, ó sì fa síìpù rẹ̀ dé ọrùn, nínú oṣù Keje. Bọ́ọ̀sì pupa náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Aago mélòó ni social worker ń bọ̀?"

Lọ́jọ́ kejì mo pe ìjọba ìbílẹ̀.

Láti ọdún 2015 ni ìjọba ti ní àpò owó kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń san owó tẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú ọkàn, fún àwọn ìdílé tó gba ọmọ tọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àwọn ẹbí tó ń tọ́ ọmọ ẹbí wọn kún un. Ìwọ fúnra rẹ kọ́ lo máa béèrè, ìjọba ìbílẹ̀ ló máa bá ọ kọ̀wé, ìwé náà sì lẹ́sẹ̀ bíi ti alábahun. Ọdún 2022 ti wọlé kí ìyá onítẹ́rápì kan tó kanlẹ̀kùn wa. Òyìnbó ni, ó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Wọ́n ní kí n máa pe orúkọ wọn, mi ò lè ṣe é, "Ma" ni mo ń pè wọ́n títí dòní. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Mo ní, hẹn, eléyìí á ṣe é.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 8 kọjá, wọn ò tíì fojú kan Àjàní. Èmi àti ọkọ mi ni wọ́n ń rí. Inú bí mi. Ta lorí ń fọ́, ta lẹ ń fún lóògùn? Wọ́n bi mí bí màmá mi ṣe ń ṣe mí bí ẹ̀rù bá bà mí lọ́mọdé. Mo ní ẹ̀rù kì í bà mí. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń mu tíì. Ìgbà tó yá ni mo rántí ìyá àgbà tó bí Màmá: bí ibà bá mú mi lóru, wọ́n á máa pa ẹsẹ̀ mi lára, wọ́n á máa kì mí, "Àbẹ̀kẹ́ ọ̀kín, Àbẹ̀kẹ́", títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mi ò mọ̀ pé mò ń sunkún àfìgbà tí ọkọ mi na ańkáṣífù sí mi.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Daniel Hughes, ló dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ojú wọn ti rí màbo kí wọ́n tó dé ilé tuntun. Nǹkan mẹ́rin ló ní kí òbí máa fi bá ọmọ lò. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì: eré, ìgbàmọ́ra, ìtọpinpin, àánú. Ọkọ mi rí ìkẹta, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ọlọ́pàá la máa ṣe ni. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ gbọ́ ná. Lẹ́nu ìyá Yorùbá, "Kí ló dé tó o fi ṣe é?" kì í ṣe ìbéèrè. Ẹ̀sùn ni. Kò sí èsì kan tí ọmọ lè fọ̀ sí i tí ìyá á fi ní "ó dáa, o ṣeun". Bó bá dákẹ́, ó ya alágídí. Bó bá ṣàlàyé, ó ń gbó èèyàn lẹ́nu. Ma ní kí n yé bi í léèrè, kí n máa rò ó sókè bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀, kí n sì fàyè sílẹ̀ pé ó lè má rí bí mo ṣe rò ó. Ó dà bí ìwà òmùgọ̀ létí mi. Àgbàlagbà ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo tún rí ìrẹsì nínú àpò ìwé rẹ̀. Ariwo ti dé ọ̀fun mi. Mo jókòó sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò wò ó, mo ní, "Mò ń rò ó ni. Bóyá ẹni tó ń fi ìrẹsì pa mọ́, ó ń rò pé ọ̀la lè dé kó má sí." Ó pẹ́. Ó wá fi gbólóhùn kan ṣoṣo dá mi lóhùn. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́ mo ra ike onídèérí kan, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i, mo kó bísíkíìtì àti ápù sínú rẹ̀, mo gbé e sẹ́bàá ìrọ̀rí rẹ̀. Ike náà ò gbọdọ̀ ṣófo, òfin ilé wa nìyẹn. Oṣù kìíní, ojoojúmọ́ ni mò ń kún un. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún, bísíkíìtì ń pẹ́ nínú rẹ̀ títí á fi rọ̀.

Oríkì náà ìgbà yẹn ni mo fún un. Àjàní, ọmọ tí a jà kí a tó ní. Bàbá rẹ̀ fi ti Ọ̀fà kún un, Ìyèrú ọ̀kín, Ọlálọmí, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Àwọn kan nínú ẹbí ní ẹ̀jẹ̀ Ọlọ́fà kọ́ ló wà lára ọmọ náà, kí ló kàn án kan oríkì. Ọkọ mi, ẹni tí kì í jà, ní kí wọ́n wá bá òun jà á. Ọjọ́ méjì ni Àjàní fi mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Ó ń kì í fúnra rẹ̀ ní ibùdó bọ́ọ̀sì, ohùn kan náà, ìdánudúró kan náà.

Nígbà tí Ma wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí òun fúnra rẹ̀, wọ́n ṣe é tì níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fa àga súnmọ́ ọn, wọ́n rọ ohùn sílẹ̀, wọ́n ń wò ó lójú tàánútàánú. Àjàní wọ abẹ́ tábìlì lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, abẹ́ tábìlì. Lọ́sẹ̀ kẹta náà. Mo ti ń rò pé owó ìjọba ti ṣòfò. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi pé àánú àwọn ló ń pọ̀ jù lójú ọmọ náà, pé ọgbọ́n tí àwọn kọ́ fún ọmọ tí ayé ti ṣe léṣe nìkan ò tó, kí a jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún nǹkan mìíràn. Mi ò tíì rí onímọ̀ kan lórílẹ̀-èdè yìí tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2023, wọ́n ní Àjàní ní autism, ìyẹn ni pé bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń gba ọ̀rọ̀ àti ariwo yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn láti ìgbà tí a ti bí i. Àwọn ìwà rẹ̀ tí à ń rí ńkọ́, ṣé ìyà tó jẹ ló fà á, àbí bí a ṣe bí i ni? Méjèèjì ni, wọ́n lọ́ pọ̀ bí okùn, kò sì sẹ́ni tó lè tú u.

Nínú ìwé àyẹ̀wò náà, wọ́n kọ ọ́ pé kì í wo èèyàn lójú. Mo rẹ́rìn-ín. Nílé wa, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú ni à ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àmì àìsàn ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀kọ́ ilé ọ̀dọ̀ wa.

Ma fún mi ní nǹkan kan kà. Damian Milton, ọ̀mọ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà ní autism, ló kọ ọ́ lọ́dún 2012, pé àìgbọ́ra-ẹni-yé tó wà láàárín àwọn bíi tirẹ̀ àti àwa yòókù, ọ̀nà méjì ló ní. Àwa náà ò mọ tiwọn. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á, mo kọjá ibi tí mo ti fẹ́ bọ́lẹ̀. Ìka tó ń ra etí. Hùùù bọ́ọ̀sì. Ó ti ń fún mi ní ojú tirẹ̀ fún odidi wákàtí kan ní Peckham lọ́jọ́ yẹn, ó ń sọ pé ká máa lọ, ó ń sọ pé ó ti kún. Èmi ni mi ò mọ ojú. Kí sì ni mo sọ fún un? Mo ní kó dákẹ́.

Láti ìgbà náà, ilẹ̀ ni Ma ń jókòó sí, wọ́n á fi ẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ tábìlì, wọ́n á máa ti bọ́ọ̀sì pupa náà lọ sábẹ́, Àjàní á máa tì í padà. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ ń jáde. Ẹnì kan tó mọ̀ nípa bí ara ṣe ń gbọ́ nǹkan tún sọ fún wa pé kí a má máa fọwọ́ kàn án fẹ́rẹ́, pé fífún-mọ́ra gírígírí lara rẹ̀ ń fẹ́, ó ní a lè ra kúbùsù wíwúwo. Mo béèrè iye rẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́. Mo mú ìró àǹkárá mi, mo fi wé e láti èjìká dé orúnkún, mo dì í bí ẹni ń gbọ̀já. Ọmọ ọdún 9 ni, kò ṣeé pọ̀n mọ́, ṣùgbọ́n mo rí i tí èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Mary Ainsworth, tí gbogbo wọn máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń sọ bí ọmọ ṣe ń rọ̀ mọ́ ìyá, Ùgáńdà ló ti lọ jókòó ti àwọn ìyá àti ọmọ ọwọ́ wọn ní nǹkan bí ọdún 1954. Ẹ̀yìn ìyá dúdú ló ti wò ó, àwa la gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù. Ma ti ń fà á láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ń sá fún un. Ta ló rí ibi tí àgbà ti ń bẹ ọmọdé? Màmá ò bẹ̀ mí rí. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ mí, wọ́n á fi ẹran méjì sí oúnjẹ mi, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo fún Àjàní ní ẹran méjì títí, kò yé e. Lọ́jọ́ kan mo kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí mo ti sọ ọ́ gan-an, mo ní, "Mo sọ fún ẹ níjọ́sí pé màá dá ẹ padà. Irọ́ ni. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Má bínú."

Ó ní, "Sunday ni. Aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 42."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Ìwé ilé ẹjọ́ yẹn, ọjọ́ wo ló máa parí? Káàdì bọ́ọ̀sì mi máa ń parí."

Mo lọ gbé ìwé náà. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó yí i wo ẹ̀yìn, ó tún kà á. Kò rí ọjọ́ tó máa parí. Ó dá a padà fún mi, ó lọ sí yàrá rẹ̀, mo gbọ́ ìró síìpù. Nígbà tó jáde, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo ti ń wá láti ọdún 2021. Inú àpò yẹn ló wà ní gbogbo ìgbà náà. Ó lọ fi í sínú ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa.

Lóṣù Kẹrin ọdún 2025, ìjọba dín owó tí wọ́n ń ná lórí tẹ́rápì ọmọ kan lọ́dún kù láti £5,000 sí £3,000, wọ́n sì gbé owó ọ̀tọ̀ tó wà fún àyẹ̀wò àkànṣe kúrò. Wọ́n ní kó lè kárí ọmọ púpọ̀ ni. Èmi tí mo ti rí iye ọ̀sẹ̀ tí Àjàní fi wà lábẹ́ tábìlì kó tó sọ̀rọ̀, mo mọ ohun tí £2,000 ń ṣe. Bó bá jẹ́ pé irú owó bẹ́ẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀, owó á ti tán ká tó ti bọ́ọ̀sì náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Màmá wá kí wa lọ́dún 2024. Bí wọ́n ṣe wọlé ni èmi pẹ̀lú wọn ti bẹ̀rẹ̀ ojú wa, bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àlejò tàbí ti ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Àjàní ń wò wá láti ẹ̀gbẹ́. Ó gbé ìwé kan, ó ní kí Màmá tún un ṣe. Màmá ní kí ni kí àwọn tún ṣe? Ó ní, "Ojú yẹn." Ẹ wá wo màmá mi, ẹni ọdún 74, tí wọ́n jókòó sórí sófà tí wọ́n ń ṣe ojú níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà, tí ọmọ náà ń bi wọ́n léèrè ìtumọ̀, tó ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Màmá ní àwọn ò mọ̀ pé ó tó 9.

Níjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn a tún lọ sóde ní Peckham. A mú ohun tó ń bo etí dání, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a ti bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Láti ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti juwọ́ sí i, ó sì juwọ́ padà. Nígbà tó yá mo rí ìka rẹ̀ tó ń lọ sí etí. Mo wò ó. Ó wo àgbọ̀n mi, ó ronú díẹ̀, ó ní:

"Ojú 177 nìyẹn. Ilé là ń lọ."

Mo gbé báàgì mi.